Táyé Ló Kọ́kọ́ Wọlé

Stóò ni yàrá kọ̀ǹpútà tí mo ń tọ́jú ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ọ̀yọ́ tẹ́lẹ̀. Àga tó ti kán ni wọ́n ń kó síbẹ̀, kó tó di pé ẹnì kan fi kọ̀ǹpútà méjì ta ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́rẹ. Ọ̀kan kò ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tó ti dé. A fi aṣọ bò ó, a ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Èkejì là ń pè ní Àbúrò, nítorí òun ló ń jẹ́ gbogbo iṣẹ́ ilé.

Mo ti pẹ́ lókè òkun. Orí mi ti funfun, ọ̀pọ̀ orúkọ sì ti bọ́ lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n tí ọmọ-ọmọ mi bá tan ẹ̀rọ tó fi ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, tí fáànù kékeré inú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, Bọ̀ọ̀dá Mùnírù ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú bó ṣe máa ń ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè kó tó jókòó, bí ẹni tó fẹ́ jẹun.

Tíṣà ìṣirò ni ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Ọjà Igbó. Ó jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò fi àgbà yàn mí jẹ. Kò sí kọ̀ǹpútà nílé-ìwé tiwọn, nítorí náà, ní òwúrọ̀ Sátidé, yóò wọ bọ́ọ̀sì wá sí Ọ̀yọ́. Tí wọ́n bá bi í, yóò ní àwọn àna òun lòun ń lọ kí, nítorí ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Safurat ìyàwó rẹ̀. Òótọ́ ni, ó máa ń kí wọn. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ní ẹ kú ilé o, kí wọ́n sì tó gbé omi wá, ó ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ìyá àgbà Àtọ́kẹ́, ìyá Safurat, máa ń sọ pé ìyàwó kejì tí ọkọ ọmọ òun fẹ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, iná mànàmáná ló ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń wá ṣe. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe èdè tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ láyé ìgbà náà, títà ni wọ́n ń tà á, wọn kì í sì í jẹ́ kí èèyàn rí inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ kan ní yunifásítì kan lókè òkun ṣe tiwọn, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á, kó tú inú rẹ̀ wò, kó tún ibi tó bá kù díẹ̀ káàtó ṣe, kó sì fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ padà kí gbogbo ayé jọ jẹ ẹ́. Ẹnì kan tó lọ kàwé lọ́hùn-ún ló mú un wá fún wa lórí dísìkì. Àpò irinṣẹ́ kan wà tó bá èdè náà rìn, bí àpò káfíńtà: irinṣẹ́ tó ń to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ wà níbẹ̀, èyí tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé wà níbẹ̀, èyí tó ń ṣírò ọjọ́ náà wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣe é ń bẹ àwa tó ń lò ó pé ká bá àwọn kọ ìdánwò fún irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìdánwò náà kò le. Wàá fún irinṣẹ́ ní iṣẹ́ tí ìwọ fúnra rẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Wàá ti kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Tí tirẹ̀ bá bá tìrẹ mu, ó yege. Tí kò bá bá a mu, ó kùnà, ẹ ó sì jọ wá ẹni tó ṣìnà nínú yín.

Mo bi í nígbà kan pé kí ló ń rí jẹ nídìí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí òun bá kọ sójú pátákó, wọ́n á ti nù ún kí òun tó dé ilé. Èyí tí òun bá kọ sínú àpò yẹn, ẹnì kan yóò máa lò ó níbi tí ẹsẹ̀ òun kò ní dé láé.

Nígbà òjò ọdún 1987, ó mú irinṣẹ́ tó ń to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ. Ìdánwò tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ ṣáájú wa, A, B, C ni wọ́n fi ń ṣe é. Bọ̀ọ̀dá Mùnírù wò ó, ó yínmú. Ó ní ta ni A, òun kò mọ̀ ọ́n. Ló bá kó àwọn ará ilé rẹ̀ sínú ẹ̀rọ: òun fúnra rẹ̀, Safurat, Mashood àkọ́bí, àti àwọn ìbejì, Táyé pẹ̀lú Kẹ́yìndé, ọmọbìnrin méjì tí eyín iwájú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká. Ó kọ orúkọ, ó kọ orúkọ bàbá, ó kọ ọjọ́ ìbí. Ó ní kí irinṣẹ́ náà tò wọ́n láti orí àgbà dé orí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló kọ ìdáhùn tí òun ń retí sílẹ̀: òun, Safurat, Mashood, Kẹ́yìndé, Táyé.

A tẹ bọ́tìnnì. Àbúrò kùn, ó kùn, ó sì kọ ọ́ sójú pé ìdánwò kùnà. Ó ti fi Táyé ṣáájú Kẹ́yìndé.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀rọ yìí ò mọ àgbà o."

"Ilé tí wọ́n ti kọ́ ọ ni kò ti rí àgbà," ló fi dá mi lóhùn.

A rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ọmọ wo ni kò mọ̀ ọ́n nílẹ̀ wa? Kẹ́yìndé lẹ̀gbọ́n. Ó jókòó sẹ́yìn bí àgbà, ó rán àbúrò rẹ̀ Táyé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Ìwé tó bá àpò irinṣẹ́ náà wá sọ ọ́ gbangba pé tí nǹkan méjì bá dọ́gba, èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni yóò ṣáájú. A kà á. Bọ̀ọ̀dá Mùnírù ní èwo ló dọ́gba níbẹ̀, nígbà tí ọ̀kan jẹ́ ẹ̀gbọ́n tí èkejì sì jẹ́ àbúrò? Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwa méjèèjì tí a pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé, kò sí ẹni tó rántí pé ọjọ́ ìbí nìkan ni a fún ẹ̀rọ náà, ọjọ́ kan náà sì ni. A kọ ọ́ sínú ìwé pé a rí àbùkù lára irinṣẹ́ wọn, a fi í pọ̀ mọ́ dísìkì, mo gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Lọ́jọ́ náà, bí inú wa ṣe dùn tó, ẹni tó bá rí wa á rò pé a ti gba oyè.

Ìwé máa ń pẹ́ lọ́nà nígbà náà. Òjò tán, ọyẹ́ dé. Ọyẹ́ ọdún yẹn mú àìsàn kan wá tó ń mú ọmọdé lọ́rùn, tí ọrùn á gan, tí ara á sì gbóná bí ààrò. Sátidé kan kọjá, Bọ̀ọ̀dá Mùnírù kò wá. Òmíràn kọjá. Mo rìn lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti béèrè rẹ̀.

Ìyá àgbà Àtọ́kẹ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún, kò sí iṣẹ́ kankan níwájú rẹ̀. Èmi kò rí i láìsí iṣẹ́ lọ́wọ́ rí. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Táyé re Èkó."

Mo ti ń ṣí ẹnu láti sọ pé ẹ kú ọ̀fọ̀, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní kí n gbé e mì. A kì í sọ pé ìbejì kú. Ẹni tó rìnrìn àjò, a kì í kí ilé rẹ̀ ní kíkí ọ̀fọ̀, pàápàá nígbà tí èkejì rẹ̀ ṣì wà nílé tó ń gbọ́.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kejì. Mo bá Safurat lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ. Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é, bó ṣe yẹ, ó sì ń dáhùn. Kẹ́yìndé ń ti ọmọláńgidi kiri nínú agolo. Wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, a sọ̀rọ̀ nípa ọyẹ́, a sọ̀rọ̀ nípa ojú ọ̀nà. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a sọ, orúkọ kan wà tí gbogbo wa ń yà fún bí ẹni ń ya fún kòtò lójú títì.

Bọ̀ọ̀dá Mùnírù sìn mí dé Ọjà Igbó. Ìgbà tí a dé oríta, tí àwọn awakọ̀ ń fọn fèrè tí wọ́n sì ń pariwo Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́, ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan tó wí pé, "Táyé." Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí òun ti ń wá ibi tí òun á ti lè pè é. Kò ṣeé pè nílé nítorí Kẹ́yìndé, kò ṣeé pè níwájú ìyá rẹ̀. Alùfáà wá ṣàdúà, ó ní ti Ọlọ́run ni, òun náà sì gbà pé ti Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí òun ń pè ní gbogbo ìgbà láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́, wọ́n ní kí òun ṣe bí ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Mo ní kó máa bọ̀ ní Sátidé bó ti máa ń ṣe. Kọ́ńdọ́kítọ̀ ti ń gbá ara ọkọ̀, mo wọlé.

Ó wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń jókòó síwájú Àbúrò lásán ni, á ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, á tún tú u sílẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ kí èsì tó dé. Yàrá kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ sí, nítorí náà èmi ni mo kọ́kọ́ kà á. Ó dà bíi pé kí n fi pamọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi. Mo gbé e síwájú rẹ̀ ní Sátidé, mo sì lọ dúró lójú fèrèsé.

Ẹni tó ń bójú tó àpò irinṣẹ́ náà lọ́hùn-ún ló kọ ọ́, ó sì fi inú rere kọ ọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ó ní irinṣẹ́ náà kò ní àbùkù. Ohun tó bá dọ́gba, èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló ń ṣáájú, bó ṣe wà nínú ìwé. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé òun ṣàkíyèsí pé ènìyàn méjì nínú àkójọ náà ní orúkọ bàbá kan náà, wọ́n sì ní ọjọ́ ìbí kan náà. Ó dá òun lójú pé ọwọ́ ló ṣèèṣì tẹ ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí a yọ ọ̀kan, ìdánwò wa yóò yege, àwọn yóò sì gbà á.

Bóyá ìbejì ò pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀dọ̀ tiwa, o ò lè rin ìrìn díẹ̀ kí o má pàdé ìyá tó gbé méjì.

Bọ̀ọ̀dá Mùnírù ka ìwé náà tán. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nà án.

"Wọ́n ní kí n yọ ọ̀kan," ló wí.

Mo ní wọn ò mọ̀ ni.

"Wọn ò mọ̀." Ó tún fi ọwọ́ na ìwé náà. "Ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ lórí ètò títò yẹn. A ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò dí wa lójú. Táyé ló kọ́kọ́ wọlé."

Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Lọ́jọ́ náà ló tó ṣiṣẹ́, iṣẹ́ náà sì wù ú ṣe. Ó tún ìdáhùn kọ: òun, Safurat, Mashood, Táyé, Kẹ́yìndé. Ó wá kọ àlàyé gígùn sábẹ́ rẹ̀ fún àwọn ará ọ̀hún, pé ọwọ́ kò ṣèèṣì o, ọmọ méjì ni, ìyá kan ló bí wọn ní ọjọ́ kan. Ó kọ ọ́ pé nítorí àwọn méjì yìí gan-an ni ìdánwò náà fi wúlò, nítorí ọjọ́ ìbí àwọn yòókù yàtọ̀ síra, bí kò bá sí ìbejì nínú rẹ̀, kò sí ohun tó máa dán òfin tó-dọ́gba yẹn wò. A tẹ bọ́tìnnì. Ó yege. Ó ka orúkọ márààrún sókè láti ojú ẹ̀rọ, ó ní kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Ó tún kà á. Ojú rẹ̀ là díẹ̀. Ìgbà tí a fẹ́ kó o sórí dísìkì ni NEPA mú iná lọ. Iṣẹ́ náà ti wà nípamọ́ nínú Àbúrò, ṣùgbọ́n a dúró títí, iná kò dé, ó sì di pé kí ó padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀.

Ó gbàgbọ́ pé ìtùnú ni yóò jẹ́ fún Safurat. Ìdí nìyẹn tó fi sọ fún un nígbà tó délé. Ó sọ fún un pé ibì kan wà tí orúkọ ọmọ wọn á máa wà, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní lè sọ pé kí wọ́n má pè é. Safurat gbọ́ ọ, ó bi í ní ìbéèrè kan. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó dé àárín, ibà gbé Kẹ́yìndé dè. Safurat gbé e wá sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, nítorí pé ó ní nọ́ọ̀sì kan tó mọ̀ ní ọsibítù níbẹ̀.

Ní Sátidé, Bọ̀ọ̀dá Mùnírù ti kọ́kọ́ yà kí ọmọ rẹ̀. Ó sọ fún mi pé wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́, ara rẹ̀ ṣì ń gbóná, kò fẹ́ jẹun. Ó jókòó. Ó ní ká tètè kó iṣẹ́ náà sórí dísìkì kí òun lè padà lọ jókòó tì í. Mo ti ki dísìkì bọ̀ ọ́ nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

Safurat ni. Kò dé yàrá náà rí. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sìmẹ́ńtì lásán ni ilẹ̀ yàrá náà, ó sì dúró, kò jókòó sórí àga tí mo fà fún un. Ó ní kí n dákun, kí n má bínú, ìbéèrè kan ni òun fẹ́ bi mí, nítorí òun ti bi ọkọ òun, òun kò sì mọ̀ bóyá òtítọ́ ló sọ fún òun tàbí ó kàn fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀.

"Yínká, tí ohun tí ẹ kọ yìí bá dé ọ̀hún, ta ni yóò máa lò ó?"

Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá ní àpò irinṣẹ́ náà ni. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá tún irinṣẹ́ ṣe, wọ́n á tẹ ìdánwò náà láti wò ó bóyá nǹkan bàjẹ́.

"Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ṣé yóò pe orúkọ wọn?"

"Yóò pè é, Ìyá Ìbejì. Ó ń tò wọ́n ni."

Ó bẹ̀ mí pé kí n fi han òun. Mo wo ojú ọkọ rẹ̀, ó mi orí. Mo tẹ bọ́tìnnì. Safurat ti ka ìwé dé ibi tó lè ka orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo ojú ẹ̀rọ náà títí. Ìgbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an, mo sì ń gbọ́ ọ títí dòní.

"Táyé ṣáájú. Kẹ́yìndé tẹ̀ lé e. Bàbá Ìbejì, níbo ni ẹ ní kó máa tẹ̀ lé e lọ?"

Fáànù Àbúrò ń kùn.

Safurat wá sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ti ń tò ó sínú láti Ògbómọ̀ṣọ́. Nílé, àwọn ti dẹ́kun pípe orúkọ ẹni tó lọ, kí èyí tó kù má bàa gbọ́ kó dìde tẹ̀ lé e. Nísinsìnyí, àwọn tí wọn kò mọ̀ ní ìlú tí wọn kò mọ̀ ni yóò máa pe ọ̀kan, tí wọ́n á sì máa pe èkejì tẹ̀ lé e, ní ọ̀sán, ní òru, ní ọdún tó ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó máa lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákẹ́.

"Safurat, ẹ̀rọ ni," ni Bọ̀ọ̀dá Mùnírù wí. "Kò mọ̀ wọ́n."

"Èmi náà mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Mi ò sọ pé ẹ̀rọ ló mú ibà wá." Ó fi etí ìborùn nu imú. "Ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́, tí nǹkan bá wá ṣe é, ẹ sọ ẹni tí n ó lọ bá fún mi."

Mo dá sí i nígbà yẹn. Mo ní ṣé a kò lè da ètò náà padà sí ti tẹ́lẹ̀, kí Kẹ́yìndé ṣáájú? Bọ̀ọ̀dá Mùnírù ní yóò kùnà, wọn ò sì ní gbà á. Mo ní kí a fi orúkọ mìíràn sí ipò ti Táyé nígbà náà, orúkọ ẹni tí kò sí. Ó yíjú sí mi, kò bínú.

"Orúkọ ta ni n ó fi rọ́pò ọmọ mi, Yínká?"

Lóde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ń jà lórí bóyá ó wọlé tàbí kò wọlé. Nígbà tó yá, ó tẹ orí sún mọ́ mi, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ má bàa gbọ́, ó ní òun kò gbà á gbọ́, òun kò gbà á gbọ́ rárá, Ọlọ́run ń gbọ́. Ó ní ṣùgbọ́n ọ̀kan ló kù lọ́wọ́ òun.

Ó ṣí ìdánwò náà. Ó lọ sí ìlà tí Táyé wà. Ẹ̀rọ ìgbà náà, èèyàn lè pa odidi ìlà rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, òun náà sì mọ bọ́tìnnì rẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́. Láti ẹ̀yìn ìlà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń pa á rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún tí wọ́n bí i ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà oṣù, lẹ́yìn náà ọjọ́. Orúkọ bàbá lọ. Ó kan orúkọ Táyé fúnra rẹ̀, ó ń kúrú sí i, ó ń kúrú sí i, títí ó fi ku lẹ́tà àkọ́kọ́. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Safurat kò yíjú. Ó ti wá dúró tì í lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹ̀yìn àga. Bọ̀ọ̀dá Mùnírù tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó yọ ọ́ nínú ìdáhùn náà. Ó pa àlàyé gígùn tó kọ rẹ́. Mo tẹ bọ́tìnnì. Ó yege.

Èmi àti Bọ̀ọ̀dá Mùnírù nìkan la mọ ìtumọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹ̀rọ yẹn. Ìdánwò náà yege, kò sì dán nǹkan kan wò mọ́. Ẹni mẹ́rin tí ọjọ́ ìbí wọn jìnnà síra ló kù nínú rẹ̀, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè tò wọ́n. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. Safurat béèrè bóyá ó kù níbikíbi nínú ẹ̀rọ náà. Bọ̀ọ̀dá Mùnírù ní kí n wá gbogbo ẹ̀dà àtijọ́ kí n pa wọ́n rẹ́, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ lójú wọn. Safurat dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó wọ bàtà rẹ̀, wọ́n jọ jáde, kò sì pẹ́ tí mo rí wọn lójú fèrèsé, wọ́n ń rìn lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọkọ níwájú, ìyàwó lẹ́yìn.

Ara Kẹ́yìndé yá. Ẹni tó bá fẹ́ kó sọ pé abẹ́rẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ kó sọ nǹkan mìíràn. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn rẹ̀ rí. Èmi ni mo kó ìdánwò náà sórí dísìkì, tí mo sì fi ránṣẹ́. Bọ̀ọ̀dá Mùnírù kò tún wá ní Sátidé. Ó rán èèyàn sí mi pé iṣẹ́ ilé-ìwé pọ̀ lọ́rùn òun.

Ìgbà mángòrò ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀dà tuntun èdè náà dé, pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n kọ sí Bọ̀ọ̀dá Mùnírù. Mo ti gba ìwé àṣẹ ìrìn àjò tèmi nígbà náà, mo sì ní láti lọ dágbére fún un, nítorí náà mo gbé e lọ fún un ní Ògbómọ̀ṣọ́. A jókòó sí iwájú ilé. Mo fi orúkọ rẹ̀ hàn án láàárín orúkọ àwọn tó ṣe ìrànlọ́wọ́, wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Ó ní ó dára. Ó ṣí ìwé náà. Ìlà mélòó kan ni. Wọ́n ní ìdánwò rẹ̀ ti wọlé. Wọ́n ní ó ṣeun, pàápàá fún bó ṣe tètè tún àṣìṣe yẹn ṣe.

Ó gbé e sórí itan. Ó bi mí pé ìgbà wo ni ọkọ̀ òfuurufú mi, ó bi mí bóyá mo ní ẹ̀wù òtútù. Mo ń dáhùn, ó ń gbọ́, ojú rẹ̀ wà lójú títì.

Kẹ́yìndé jáde wá, pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ga. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì fi ojú sí ìwé tó wà lórí itan bàbá rẹ̀, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó béèrè bóyá òun lè fi ya nǹkan. Bàbá rẹ̀ gbé e fún un.

Ọmọ náà jókòó sílẹ̀. Ó ká ìwé náà sí méjì, ó fi èékánná tẹ ojú ibi tó ká, ó fà á ya pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó má bàa wọ́. Ó gbé ìdá kan síwájú ara rẹ̀. Ó gbé ìdá kejì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tún un gbé kó lè tọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya nǹkan sórí tirẹ̀.

Safurat wà lẹ́nu ọ̀nà, àwo mángòrò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i pé ó ti rí i. Bọ̀ọ̀dá Mùnírù wò ó, èmi náà wò ó, mo ń retí pé yóò ní kí ọmọ náà gbé ìwé yẹn kúrò nílẹ̀. Ó gbé àwo náà fún wa. Ó padà wọlé. Nígbà tó tún jáde, pẹ́ńsù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi í lé orí ìdá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀.